Rẹ́tífáyà Mẹ́ta Lórí Ọ̀kadà Kan

Láàárín oṣù mẹ́wàá, rẹ́tífáyà mẹ́ta, ìyẹn ẹ̀yà tó ń tún iná ṣe kí ó tó wọ bátìrì, ni mo ti so mọ́ ọ̀kadà tí mo fi ń gbé ẹrù àwọn oníbàárà kiri ìgboro Ìbàdàn. Mo fẹ́ sọ bí mo ṣe rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti bí mo ṣe rí iṣẹ́ àwọn tó bá mi so wọ́n, torí owó tí mo ná sórí méjì àkọ́kọ́ dùn mí gan-an. Ọ̀kadà náà kì í ṣe tuntun, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì dá ṣáká. Ìṣòro rẹ̀ kò ju pé bátìrì kì í gba iná tó, rẹ́tífáyà tó sì yẹ kó lo ọdún púpọ̀ kì í pẹ́ jóná.

Ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọ̀kadà ni mo ti ra èyí àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó tà á fún mi ní, “Ẹ̀gbọ́n, oríjínà ni, ẹ máa lò ó gbó.” Nígbà tí mo gbé e lé ọwọ́ kan, tí mo gbé ti àtijọ́ tó jóná lé ọwọ́ kejì, tuntun náà fúyẹ́ bí àkúfọ́ igbá. Ó yẹ kí ìyẹn ti ta mí lólobó. Irin alumíníọ́mù onílà-ìlà tó wà lẹ́yìn rẹ́tífáyà ni ó ń gbé ooru jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí irin náà bá tín-ín-rín, inú ni ooru yóò kó sí. Ọ̀sẹ̀ méje péré ni ó lò.

Fún ẹni tí kò bá tíì tú ọ̀kadà rí: kọ́ìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni ó ń pèsè iná nígbà tí mágínẹ́ẹ̀tì bá ń yí i po, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ṣe ń sáré sí ni iná náà ṣe ń pọ̀ sí i. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ni, bátìrì kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Rẹ́tífáyà ló ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo, òun náà ló sì ń rí i pé kò kọjá nǹkan bíi fólítì 14.5. Nínú irú rẹ́tífáyà tó wọ́pọ̀ jù lórí ọ̀kadà, ṣe ni ó máa ń so àwọn wáyà kọ́ìlì pọ̀ mọ́ra wọn nígbà tí iná bá ti pọ̀ jù, tí iná tó ṣẹ́kù á wá máa yí po láàárín kọ́ìlì àti rẹ́tífáyà títí tí yóò fi di ooru. Ìdí nìyí tí kọ́ìlì fi ń fi gbogbo agbára ṣiṣẹ́ bí ènìyàn bá ń sáré lójú ọ̀nà márosẹ̀, yálà ó tan iná iwájú tàbí kò tàn án. Ọ̀pọ̀ wa la máa ń pa iná iwájú lọ́sàn-án kí rẹ́tífáyà lè sinmi. Ọdún pípẹ́ ni èmi náà fi ṣe é. Òdìkejì rẹ̀ ni ó ń ṣẹlẹ̀: ohun tí gílóòbù kò jẹ, rẹ́tífáyà ni yóò jẹ ẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni mo ti ra èkejì. Ríwáyà tó bá mi so ó tú nọ́ọ̀tì méjì, ó yọ ti tẹ́lẹ̀, ó ki tuntun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́, ó gba owó iṣẹ́. Kò fi mítà kàn án rárá, kò sì bèèrè ìdí tí èyí àkọ́kọ́ fi jóná. Oṣù mẹ́rin àbọ̀ ni èyí lò, ó sì gbé kọ́ìlì lọ. Nígbà tí a ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, orí mẹ́fà nínú méjìdínlógún tí wọ́n we wáyà bàbà mọ́ ti dúdú bí àgbàdo tó jóná lórí ààrò. Ọ̀dà tí wọ́n fi bo wáyà náà ti di èédú, bí mo ṣe fọwọ́ kàn án ló ń rẹ̀ dànù. Ọ́ìlì tó kù nínú ẹ́ńjìnnì kò sì tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ọ́ìlì yẹn ló ń gbé ooru kúrò lára kọ́ìlì. Ẹ̀bi tèmi ni ti ọ́ìlì.

Bàbá àgbàlagbà kan ló bá mi ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, mítà ni ó sì kọ́kọ́ mú. Lẹ́yìn tó ti fi kọ́ìlì mìíràn sí i, ó so rẹ́tífáyà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ mọ́ ọn, ó ní kí n tẹ gáàsì. Fólítì 14.3 ni ó kà ní ẹnu rẹ́tífáyà, 13.2 ni ó kà lórí bátìrì. Ó bi mí pé, “Níbo ni ìyókù wọlé sí?” Ó fa sọ́kẹ́ẹ̀tì náà yọ, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi: ó ti pọ́n bí ẹja gbígbẹ, ike rẹ̀ ti yọ́ mọ́ irin inú rẹ̀. Bí áḿpíà mẹ́jọ bá gba ibẹ̀ kọjá, ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wáàtì mẹ́sàn-án yóò máa jáde láti ojú ìsopọ̀ wáyà, ìyẹn sì ju ti gílóòbù páákì lọ, nínú ike tí kò ju ìka méjì lọ. Bàbá gé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dànù, ó fi òjé jó àwọn wáyà pọ̀, ó sì fa wáyà bọ́dì tuntun láti ara rẹ́tífáyà tààrà dé orí bátìrì.

Rẹ́tífáyà kẹta tí mo ń lò báyìí jẹ́ tòkunbọ̀, SH775 tí ilé iṣẹ́ Shindengen ti Japan ṣe, a sì tú u lára ẹ̀rọ ńlá kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta iye tí mo ra èyí àkọ́kọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀, torí ṣe ni ó máa ń já iná kọ́ìlì nígbà tí bátìrì kò bá nílò rẹ̀ mọ́, kọ́ìlì á sì sinmi. Bàbá gbé e kúrò lábẹ́ ìjókòó, ó dè é sí iwájú níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i. Oṣù mẹ́rin ku díẹ̀ nìyí. Bí mo bá sáré fún ogójì ìṣẹ́jú, mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ lé e láì yára gbé e kúrò.

Ó ní àléébù tirẹ̀. Ó tóbi, ẹnu rẹ̀ kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì ọ̀kadà wa mu, ayédèrú rẹ̀ sì wà lọ́jà, nítorí náà kí ẹ gbé e lọ́wọ́ wò kí ẹ tó sanwó. Ọ̀kadà tí wọ́n ti so wáyà kọ́ìlì rẹ̀ kan mọ́ bọ́dì kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Bí owó bá sì tó ohun kan ṣoṣo, mo rọ̀ yín pé kí ẹ kọ́kọ́ tún sọ́kẹ́ẹ̀tì àti wáyà bọ́dì ṣe, torí rẹ́tífáyà olówó gọbọi náà yóò jóná nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ti yọ́.

Bàbá ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo sì lọ. Ó tún gbé mítà rẹ̀ jáde: 14.2 ní ẹnu rẹ́tífáyà, 14.1 lórí bátìrì. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.