Iṣẹ́ Àwọn Tó Bá Wa Wá Omi Lábẹ́ Àpáta Òkè Ayọnáyèéfín

Àpáta dúdú líle tí wọ́n ń pè ní básáàtì, èyí tó yọ́ jáde láti inú òkè ayọnáyèéfín, ló bo ilẹ̀ wa. Nítorí náà, kí a tó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, a gba iléeṣẹ́ kan tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ wọn sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọ̀pá irin mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ rì mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan ní ètò Schlumberger: méjì tòde ń gbé iná mànàmáná wọlẹ̀, méjì tó wà láàárín ń wọn fólítéèjì, bí wọ́n bá sì ti ń fa àwọn tòde jìnnà síra ni iná ń wọlẹ̀ jìn sí i. Àpáta líle kì í fẹ́ gba iná, nítorí náà wọ́n ń fi sùúrù da omi iyọ̀ sí ìdí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Básáàtì gbígbẹ tí kò sán lè dènà iná ju 1,000 ohm-mítà (ìwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dènà iná tó) lọ, ṣùgbọ́n èyí tó sán tí omi sì kún inú rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí pé amọ̀ pàápàá ń gba iná dáadáa bíi ti àpáta tó ní omi, bẹ́ẹ̀ amọ̀ kì í jẹ́ kí omi ṣàn wọ kànga.

Ibi tí gbogbo wa ń fẹ́, nítorí pé ó sún mọ́ ilé, ni iye ìdènà iná rẹ̀ kéré jù, kò tó 10 ohm-mítà. Ẹlòmíràn ìbá ti sàmì síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn wọ̀nyí padà wá, wọ́n tẹ́ wáyà ńlá yípo sílẹ̀, wọ́n ń gbé iná sí i, wọ́n ń já a lójijì, wọ́n sì ń wọn bí agbára òòfà tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ bọ̀ ṣe ń kú lọ. Ọ̀nà kejì yìí kò nílò ọ̀pá kankan, ó sì mọ ìpele tó ń gba iná lábẹ́ àpáta dáadáa. Wọ́n wá sọ fún wa pé amọ̀ ló ṣeé ṣe jù níbẹ̀, wọ́n sì mú wa lọ síbi tí ìṣàn àpáta kan, ìyẹn àpáta yíyọ́ tó ṣàn tó sì dì, ti gun orí òmíràn. Ojú ìṣàn ti ìsàlẹ̀ ti sán, ó sì ti lu ihò kí tòkè tó bò ó, irú àárín bẹ́ẹ̀ ni omi sì sábà máa ń gbà. A kan omi níbẹ̀.

Ìwé àbọ̀ wọn ló kù díẹ̀ káàtó. Àwòrán kún inú rẹ̀ láìsí àlàyé tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ lè lóye, wọn kò sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ̀rọ wọn kò lè sọ iye omi tí kànga yóò máa mú wá ní wákàtí kan. Ìgbà tí mo béèrè ni ọ̀gá wọn tó ṣàlàyé pé fífa omi náà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn gbígbẹ́ ló lè fi ìyẹn hàn, a sì ṣe bẹ́ẹ̀ kí a tó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fà á.