Tẹlifíṣọ̀n Òkèésà nínú yàrá mi ní Ifẹ̀

Bí bàbá mi bá pè mí nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ, n kì í gbé e mọ́. Wọ́n ti rí góòlù tí èmi ò tíì rí nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n tèmi fi bíi ìṣẹ́jú-àáyá méje rìn lẹ́yìn tiwọn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀kan náà ni: díkódà tó wà ní pálọ̀ wa ní Òkèésà, Iléṣà, ni mo ń wò nínú self-con mi lójú ọ̀nà Ẹdẹ, nílùú Ifẹ̀ níbí. Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lò ó, ẹnu mi sì gbà á láti sọ bó ṣe rí.

Ẹ ó ní ṣebí àwọn onídíkódà ní áàpù. Wọ́n ní. Àmọ́ nọ́ńbà tí a fi forúkọ díkódà yẹn sílẹ̀ ti sọnù látìgbà kòrónà, nọ́ńbà yẹn náà ni kóòdù ń lọ sí. Bàbá mi ní àwọn ò lọ tò níbì kankan nítorí bọ́ọ̀lù.

Ohun méjì ni mo rà. Àkọ́kọ́ ni àpótí dúdú kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ₦41,000, tí kò ní orúkọ kankan lára. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gba àwòrán lẹ́nu díkódà, kó fún un pọ̀ kó lè gba orí íntánẹ́ẹ̀tì kọjá. Èkejì jẹ́ nǹkan roboto kan, ₦9,500, tó ń ṣe bíi rìmóòtù: èmi á tẹ fóònù ní Ifẹ̀, òun á tanná sí díkódà ní Iléṣà, iná tí ojú èèyàn ò lè rí.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Láti 2005 ni àpótí irú rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Slingbox ti wà lọ́jà ní Amẹ́ríkà. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan ló gbé e dìde torí pé wọ́n ń rìnrìn-àjò, wọn ò sì fẹ́ kí eré besibọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ ìlú wọn fo àwọn dá. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é pa sáfà rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù àti àpótí ń bá sọ̀rọ̀, ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá 2022, áàpù kú, àpótí di ẹrù. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá èyí tí kò ní láti gbàṣẹ lọ́wọ́ sáfà ẹnì kankan kó tó ṣiṣẹ́.

Ọjọ́ tí mo gbé e délé, wáyà HDMI ni mo kọ́kọ́ fi so ó. Dúdú kirikiri. Mo ní wọ́n ti lù mí ní jìbìtì. Àṣé díkódà ló ti ojú HDMI rẹ̀ pa, kí ẹnikẹ́ni má baà gba eré sílẹ̀ níbẹ̀. Ìgbà tí mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò ni mo rí ihò mẹ́ta ayé àtijọ́ yẹn, pupa, funfun, yẹ́lò, tí ẹnikẹ́ni ò tì. Ìyá mi kì í da nǹkan nù: wáyà tí a fi ń so fídíò nígbà tí mo wà ní pírámárì ṣì wà nínú ike lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Mo ki wáyà náà bọ̀ ọ́, àwòrán dé. Kò dán tó ti HDMI. Lórí laptop, nọ́ńbà ẹ̀yìn àwọn agbábọ́ọ̀lù máa ń ṣú díẹ̀. Lórí fóònù, ẹ ò ní mọ̀.

Ráútà wa ń lo síìmù, irú rẹ̀ kì í sábà ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ ilé ló ń pín ọ̀kan lò, bí àwọn ará face-me-I-face-you ṣe ń pín géètì, torí náà ẹni tó wà níta ò lè kan ilẹ̀kùn yín gan-an. Tailscale, áàpù kan tó ń so àwọn ẹ̀rọ tó jìnnà síra pọ̀ bíi pé inú ilé kan ni wọ́n wà, ló bá mi yanjú ìyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́: mo fi sórí fóònù mi, mo fi sórí laptop ẹ̀gbọ́n mi tí ojú rẹ̀ ti fọ́, tó wá ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Iléṣà báyìí, tó ń bá mi ṣílẹ̀kùn dé ọ̀dọ̀ àpótí.

Ẹni tó ta àpótí fún mi ní dátà díẹ̀ ló ń jẹ. Kò sọ pé ẹnu méjì ló fi ń jẹ ẹ́. Mo rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 450MB ní wákàtí kan. Ti Iléṣà ń lọ bó ṣe ń fi ránṣẹ́, tèmi náà ń lọ bí mo ṣe ń gbà á. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2GB lápapọ̀. Ti iná, ẹ̀yin náà mọ̀: ó gbọ́dọ̀ wà nílùú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Èyí tí ẹnikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀ ni ìyá mi. Díkódà kan, ìkànnì kan ló lè ṣí. Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n jókòó ti Africa Magic Yoruba, ìyáálé ń fẹ́ fi nǹkan sínú ọbẹ̀ ìyàwó, ni mo bá tẹ bọ́ọ̀lù láti Ifẹ̀. Wọ́n dá a padà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ìgbà kẹta, fóònù mi dún.

“Ọmọ mi, tẹlifíṣọ̀n yìí ti ń fò fúnra rẹ̀ o. Mo ti ń wá òróró àdúrà mi.”

Mo jẹ́wọ́. A wá ṣàdéhùn: aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́ Sátidé jẹ́ tèmi, ìyókù jẹ́ tiwọn. Lálẹ́ tí mo bá jẹun tán, ohun tí wọ́n bá ń wò ni èmi náà ń wò, wọ́n á sì pè mí tí ìyáálé bá tún hùwà. Ó yà mí lẹ́nu pé apá ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì ilé yín kì í bá já, ẹ rà á. Bó bá ń já, nǹkan roboto yẹn nìkan tó yín: ẹ lè máa fi pa tẹlifíṣọ̀n tí bàbá yín bá sùn sídìí rẹ̀.

Ìyá mi ti ń béèrè bóyá ó lè dé ṣọ́ọ̀bù wọn ní Atakúnmọ́sà. Mo ní kí wọ́n bi bàbá mi, torí àwọn ló ń san owó dátà Iléṣà.