Antẹ́nà kan, tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta: iṣẹ́ tí àwọn ará Sábó ṣe nílé mi

Ẹsẹ̀ tó ń dun Bàbá àwọn ọmọ mi ò jẹ́ kí wọ́n lè rìn wá sí pálọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi ìròyìn OSBC, tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ọ̀ṣun, ṣeré. Pálọ̀ nìkan ni wáyà antẹ́nà dé. Ìyẹn ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Sábó, níbí ní Ilé-Ifẹ̀.

Mo ti kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà fún ẹnì kan ládùúgbò. Ńṣe ló bó wáyà, ó lọ́ ọ mọ́ra, ó fi nílọ́nù wé e. Àtọjọ́ náà ni ojú akéde kan ti di méjì ní pálọ̀ tó ń mọ́ kedere tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ọmọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rán wá mirí. “Màmá, wáyà antẹ́nà kì í ṣe wáyà iná tí wọ́n kàn ń lọ́ pọ̀ o.” Ó gbé splitter jáde, àpótí irin kékeré kan tó ní ojú mẹ́rin tí wáyà ń gbà jáde. Ó ní ohun tí antẹ́nà bá rí gbà náà la máa pín: ká pín in sí méjì, kò ní tó ìdajì tó máa kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí splitter á tún bù díẹ̀ jẹ. Ìdí nìyẹn tó fi yọ búsítà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fi kún agbára ohun tí antẹ́nà gbà, tó gbé òmíràn sórí òpó nítòsí antẹ́nà. Kó tó rin ọ̀nà jíjìn, kó tó pín, ló yẹ ká ràn án lọ́wọ́. Tó bá ti rẹ̀ ẹ́ dé ìsàlẹ̀, ariwo ni búsítà máa gbé ga mọ́ ọn. Ó fi ìdérí tí wọ́n kọ 75 ohms sí lára dé ojú kẹrin tí a ò lò.

Ọ̀tọ̀ ni ohun tí kálukú ń wò báyìí. Nígbà kan rí tá a fi dikódà kan ṣoṣo ṣe é, ohun tí pálọ̀ bá yàn ni gbogbo ilé ń wò. Ní báyìí, Bàbá wà lórí OSBC, àwọn ọmọ-ọmọ wà lórí NTA.

Wọ́n fi wákàtí méjì pẹ́. Èmi náà ni mo ní kí wọ́n fi rọ́bà dí ojú ìsopọ̀ lókè kí òjò má baà wọ̀ ọ́. Wọn ò sì sọ fún mi pé ádábítà pálọ̀ ló ń fún búsítà níná. Ọjọ́ kẹta, ọmọ-ọmọ mi yọ ọ́ kó lè cháàjì fóònù, ni Bàbá bá ń ké láti yàrá pé OSBC ti kú.

₦41,500 ni mo san, pẹ̀lú wáyà antẹ́nà tí wọ́n ń pè ní RG6. Mo ti ní kí wọ́n padà wá fa ojú kẹrin sí kíṣìnì.