Táyà A/T tó ní LT àti èyí tí kò ní: èwo ni kí ẹ gbé sábẹ́ jíìpù yín?

Ẹni tó bá ti ń wá táyà A/T, èyí tí wọ́n ṣe fún títì àti ọ̀nà erùpẹ̀ pọ̀, ti mọ̀ pé eyín rẹ̀ jìn ju ti táyà títì lọ, mi ò ní bá a padà síbẹ̀. Lẹ́tà tó ṣáájú nọ́ńbà ara táyà ni kí ẹ bá mi wò. Orúkọ kan náà, eyín kan náà, ilé iṣẹ́ lè ṣe é ní oríṣi méjì: ọ̀kan á jẹ́ 265/70R17 (sáìsì táyà nìyẹn) lásán tàbí kí P, ti ọkọ̀ èrò, wà níwájú rẹ̀, èkejì á jẹ́ LT265/70R17, LT sì ni ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré. Mo ti lo méjèèjì lábẹ́ jíìpù kan náà.

Ẹ̀gbẹ́ táyà ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ìṣó bá gún ojú táyà, wọ́n á fà á yọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ látinú, ẹ ó sì máa bá tiyín lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni òkúta là, táyà yẹn ti lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ló ń tẹ̀ tó sì ń nà ní gbogbo ìgbà tó bá ń yí, kò sí ìlẹ̀ tó lè dì í mú. Òkúta ẹlẹ́nu mímú ló la ẹ̀gbẹ́ A/T aláìní-LT tí mo kọ́kọ́ rà, lẹ́yìn tí eyín rẹ̀ ti gbó dé ìdajì. Owó táyà kan kọ́ ni mo san. Jíìpù tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà nígbà gbogbo kì í fẹ́ kí táyà kan ga ju àwọn yòókù: èyí tó ti gbó á máa yára yí ju tuntun lọ, ìyàtọ̀ yẹn á sì máa jẹ jíà tó so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ra mẹ́rin nìyẹn nítorí ẹyọ kan tó ya. Ó dùn mí gan-an, nítorí mẹ́ta tó kù kò ní àbùkù kankan.

Okùn inú LT lágbára jù, rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà sì nípọn jù. Àwọn kan, bíi KO2 ti BFGoodrich, ní ìpele mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Irú òkúta kan náà ti ha LT tí mo gbé sí i lẹ́yìn náà lára, kò ya.

Àmọ́ ẹ má fẹ́ afẹ́fẹ́ sí LT bí ẹ ṣe ń fẹ́ ẹ sí tàtijọ́. 265/70R17 tí 115, nọ́ńbà ìwọ̀n ẹrù, wà lára rẹ̀ lè gbé kílò 1,215 ní nǹkan bíi 35 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ inú táyà). LT oní-E (lẹ́tà tó ń sọ bí táyà ṣe lágbára tó láti gbé ẹrù) tí 121 wà lára rẹ̀ lè gbé 1,450, ṣùgbọ́n 80 psi ló ti ń gbé e. Ẹ fẹ́ ẹ sí 35, kò ní gbé tó ti àkọ́kọ́. Ẹ ní kí ẹni tó ń bá yín dè é wo ìwé ìwọ̀n ẹrù táyà náà kó tó fẹ́ ẹ.

Nínú ìrìn, aláìní-LT rọ̀ jù lórí kòtò, epo tó ń jẹ náà sì kéré jù. Ariwo? Méjèèjì á máa hó bí ẹ kò bá pààrọ̀ ipò wọn ní nǹkan bíi kìlómítà 8,000 sí 10,000. Ní ti yìnyín, ẹ wá àmì òkè olórí mẹ́ta lára táyà gan-an. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn àmì DOT ara táyà pẹ̀lú, ìyẹn ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2324 ni ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2024.

Ẹni tí kì í kúrò lórí ọ̀dà, kó ra táyà títì, H/T. M/T oní-ẹrọ̀fọ̀ máa ń yọ̀ lórí ọ̀dà tí òjò rọ̀ sí, mi ò lè gbà á níyànjú fún ọkọ̀ tí ẹ fi ń gbé ọmọ.

Bí jíìpù yín bá kéré, tí ẹ kì í di ẹrù, tí ọ̀nà erùpẹ̀ yín sì tẹ́jú, aláìní-LT tó yín. Bí òkúta bá wà lójú ọ̀nà yín, tàbí tí ẹ ń fa tírélà, LT ni. Kò sì pọn dandan kó jẹ́ E: bí oní-C bá wà ní sáìsì yín, kò le tó E nínú ìrìn, 50 psi ni òpin afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó sì sábà máa ń fúyẹ́ ju E lọ. Òun ni èmi máa rà.