Àpótí onígi fún ìtọ́jú sìgá, lẹ́yìn ọdún kan ní Èkó

Sìgá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kì í ṣe sìgá oníbébà tí wọ́n ń tà lẹ́yọ lẹ́yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, bí kò ṣe èyí tó nípọn, tí a fi ọwọ́ wé láti inú odidi ewé tábà, irú èyí tó ń wá láti Kúbà, Nicaragua àti Dominican Republic. Ewé lásán ni. Bí ó bá gbẹ jù, yóò sán, yóò jó kíákíá, yóò sì korò lẹ́nu, bẹ́ẹ̀ ni bí ó bá tutù jù, iná kò ní ràn án dáadáa, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi bu. Nítorí èyí ni mo ṣe ra àpótí onígi kan ní Èkó lọ́dún tó kọjá, èyí tí ẹni tó tà á fún mi sọ pé ó gba sìgá 50. Owó rẹ̀ tó owó sìgá mẹ́wàá.

N kò ní purọ́ mọ́ ọn, àpótí náà rẹwà. Igi tí wọ́n ń pè ní sídà Sípéènì ni wọ́n fi tẹ́ inú rẹ̀, orúkọ tó ń tan ènìyàn jẹ, nítorí igi náà kì í ṣe sídà, kò sì ti Sípéènì wá. Cedrela odorata ni, ilẹ̀ olóoru Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ìdílé kan náà sì ni òun àti ọ̀gànwó tiwa. Òórùn rẹ̀ dùn, ó máa ń fa ọ̀rinrin mu, á sì tún máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ìdérí ni ìjákulẹ̀ àkọ́kọ́. Mo fi owó bébà 200 náírà sí ẹnu àpótí náà, mo pa á dé, mo sì fa owó náà. Dípò kí ó há, wọ́ọ́rọ́wọ́ ló yọ. Lẹ́yìn náà ni mo yẹ aago aláwọ̀ wúrà tó ń wọn ọ̀rinrin wò. Mo da iyọ̀ sínú ìdérí ìgò, mo kán omi sí i títí ó fi ki bí ẹ̀kọ, mo gbé òun àti aago náà sínú ike tí mo dé pinpin, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ibi yòówù kí ènìyàn wà, ìdá 75 nínú 100 ni ọ̀rinrin inú irú ike bẹ́ẹ̀ máa ń dúró sí, ṣùgbọ́n 62 ni ọwọ́ aago tèmi ń nà sí. Fóòmù tí wọ́n ní kí n máa rin omi sí ló wá burú jù, nítorí pé omi nìkan ló lè fún sìgá, kò lè gba èyí tó bá pọ̀ lápọ̀jù. Ó lè wúlò ní ìlú òyìnbó, níbi tí iná tí wọ́n ń dá sí ilé nígbà òtútù ti ń mú afẹ́fẹ́ gbẹ háúháú, ṣùgbọ́n ní Èkó, níbi tí ọ̀rinrin àárọ̀ ti sábà máa ń kọjá ìdá 80, omi kọ́ ni ìṣòro wa. Nígbà tí òjò dé ní oṣù kẹfà, sìgá méjì bu funfun ní ìdí.

Ohun tó ṣiṣẹ́ fún mi ni àpò kékeré Boveda, tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀, tó ń gba ọ̀rinrin tó bá pọ̀, tó sì ń dá a padà nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ. Àpò oní-giráàmù 60 kan tó fún nǹkan bí sìgá 25. Oní-84, ìyẹn èyí tó ń mú ọ̀rinrin dúró sí ìdá 84 nínú 100, ni mo kọ́kọ́ fi sínú àpótí fún ọjọ́ 14, kí igi náà lè mu yó kí ó má baà fa omi ara sìgá, nítorí fífi àkísà tútù nù ún lè mú kí igi náà wọ́. Síbẹ̀, nítorí ìdérí tí kò há, kò ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí àwọn àpò tí mo fi tẹ̀ lé e fi wú kẹ̀ǹkẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mu gbogbo omi ọ̀sà tán. Ni mo bá kó sìgá sínú ike tí rọ́bà wà létí ìdérí rẹ̀, mo fi àpò oní-65 sí i, mo sì tẹ́ pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti inú páálí sìgá àtijọ́ sí ìsàlẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí àpótí onígi já sí 50, ike náà kò kúrò ní 65 sí 67.

Ooru ni àpótí kankan kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹyin kòkòrò tábà lè wà nínú ewé láti oko, bí ooru bá sì ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 24 lórí òṣùwọ̀n Celsius, wọ́n lè pa, kí wọ́n sì lu sìgá ní ihò bíi ti abẹ́rẹ́. Nítorí náà ni mo ṣe ń di sìgá tuntun sínú ọ̀rá, tí mo ń fi í sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà sínú fíríìjì fún ọjọ́ kan, bí iná ìjọba bá gbà fún mi. Kí ẹnikẹ́ni má fi fíríìjì ṣe ilé sìgá o, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ máa ń gbẹ, òórùn ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì máa ń wọnú ewé.

Àpótí onígi náà ṣì wà lórí tábìlì ní pálọ̀, sìgá méjì tàbí mẹ́ta tí mo fẹ́ mu lọ́sẹ̀ náà ló sì ń wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀, kó mú owó bébà kan dání, kó sì fi yẹ ìdérí wò kó tó sanwó.