Owó sub oṣù kan, fíìmù Yorùbá mẹ́fà: èwo lẹ máa kọ́kọ́ wò?

Àwọn tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ mi ní Balógun ló jẹ́ kí n jókòó kọ eléyìí o, torí kì í pé ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnì kan tó bi mí pé Àńtí, mo fẹ́ san owó Netflix oṣù kan, tàbí mo fẹ́ mú ìyá mi lọ sí sinimá, fíìmù Yorùbá wo ni kí n wò. Wọ́n mọ̀ pé mo máa ń wò ó gan-an. Tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo gba orí Third Mainland dé Ṣómólú, tí mo jẹun tán, èmi àti màámi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa la jọ máa ń jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Màámi ọmọ Ẹ̀gbá ni, wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, èmi Èkó ni wọ́n bí mi sí, ọmọ yẹn ní tiẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá àmọ́ òyìnbó ló fi máa ń dáhùn, nítorí náà nǹkan tó bá dùn mọ́ àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ̀ pé ó dáa nìyẹn.

Ohun tí mo fi ń wọn fíìmù ò pọ̀. Èyí tí mo bá fẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì ni mo gbà pé ó tó owó ẹ̀. Ìjà, iná, ẹṣin, idà tó ń kọ mànà, gbogbo ẹ̀ ló dáa, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan ẹ ti rí i náà nìyẹn. Ohun tó máa ń fà mí padà ni ẹnu àwọn òṣèré yẹn, bí wọ́n ṣe pe ọfọ̀, bí ìyàwó ilé ṣe kí ìyá ọkọ ẹ̀, bóyá òwe yẹn bọ́ sí àyè ẹ̀ àbí ńṣe ni wọ́n kàn wá ibi tí wọ́n máa há a sí. Etí ni mo fi ń ra fíìmù.

Ẹ jẹ́ ká mú Aníkúlápó àti Jagun Jagun lákọ̀ọ́kọ́, torí àwọn méjì yẹn lèèyàn máa ń bi mí jù. Ìparí oṣù September 2022 ni Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde sórí Netflix, Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ tẹ̀lé e ní August 2023. Méjèèjì lé ní wákàtí méjì, nítorí náà ẹ má bẹ̀rẹ̀ èyíkéyìí ní aago mẹ́wàá alẹ́ tẹ́ ẹ bá ní iṣẹ́ láàárọ̀. Aníkúlápó, ọ̀rọ̀ ahunṣọ kan ni, Sàró, tó wọ Ọ̀yọ́ wá wáṣẹ́, tó wá lọ kó sọ́wọ́ olorì, ikú pa á, ẹyẹ àkàlà jí i dìde, agbára yẹn wá di tiẹ̀. Kúnlé Rẹ̀mí ló ṣe Sàró, Bímbọ́ Adémóyè ṣe olorì yẹn. Èmi tí mo ń ta aṣọ, ojú mi ò kúrò lára aṣọ ibẹ̀, wọ́n jẹ́ kó rí bí aṣọ tí èèyàn wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ tó tún wọ̀ bọ̀, kì í ṣe bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú ọ̀rá láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó rọra ń lọ. Ẹni tí ò bá ní sùúrù máa ní ó falẹ̀, mo gbà, pàápàá ìlàjì àkọ́kọ́, àmọ́ ìfalẹ̀ yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ Sàró débi pé nígbà tí ìgbéraga bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́ lẹ́wù, inú mi ń bà jẹ́ bí ẹni pé àbúrò mi ni.

Jagun Jagun ò ní sùúrù kankan ní tiẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ariwo ogun ti ń dún, ọmọkùnrin kan tó ń bá igi sọ̀rọ̀ fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́wọ́ Ògúndìjì, kó lè gbẹ̀san bàbá ẹ̀, Lateef Adédiméjì ló ṣe ọmọ yẹn, Fẹ́mi Adébáyọ̀ fúnra ẹ̀ ló ṣe Ògúndìjì, ọkùnrin tó jẹ́ pé òun ló ń fi àwọn ọba jẹ tó tún ń bẹ̀rù kí ẹlòmíì má ga ju òun lọ. Tó bá jẹ́ ọfọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́, Jagun Jagun ni kẹ́ ẹ sanwó fún. Màámi máa ń parí àwọn kan mọ́ wọn lẹ́nu. Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé ìjà pọ̀ débi pé ìjà kan ò tíì wọ̀ mí lára tí òmíràn ti dé, mo sì rò pé wọn ì bá yọ méjì kúrò kí wọ́n fi àyè yẹn fún ọ̀rọ̀ láàárín Ògúndìjì àtàwọn ará ilé ẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni adùn ẹ̀ wà.

Tẹ́ ẹ bá jẹ́ tọkọtìyàwó, tí ilé pa rọ́rọ́, Aníkúlápó. Tí ilé bá kún, tí àwọn ọmọ ogún ọdún wà níbẹ̀ tí wọ́n fẹ́ pariwo, Jagun Jagun. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi ọmọ kékeré jókòó ti Aníkúlápó o, ọ̀rọ̀ àgbèrè wà níbẹ̀ dáadáa. Èmi ti wo Aníkúlápó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, Jagun Jagun lẹ́ẹ̀mejì.

Ó wá ku Lísàbí àti House of Ga'a, ibí yìí ni mo ní ọ̀rọ̀ jù, torí méjèèjì, ìtàn wa gangan ni, kì í ṣe àlọ́. Bọ́láńlé Austen-Peters ló gbé House of Ga'a jáde ní July 2024, Lísàbí tẹ̀lé e ní September ọdún yẹn kan náà, Níyì Akínmọláyan ló darí ẹ̀, Lateef Adédiméjì ló ṣe Lísàbí, akọni tó kó àwọn Ẹ̀gbá dìde sí Ọ̀yọ́. Ìtàn Gáà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ Yorùbá, ṣebí àwọn àgbà ló ní bí o láyà o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà o sọ òótọ́. Baṣọ̀run ni, olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn afọbajẹ Ọ̀yọ́, láti nǹkan bíi 1754 ló ti di agbára mú, tí Aláàfin kan ń kú tẹ̀ lé òmíràn torí pé òun ní kí wọ́n kú, títí Aláàfin Abíọ́dún fi ṣẹ́gun ẹ̀ ní 1774. Nítorí náà ẹ ti mọ ìparí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó tan tẹlifíṣọ̀n. Ohun tẹ́ ẹ ń sanwó fún ni ojú Fẹ́mi Branch. Ọkùnrin yẹn gbé fíìmù náà sórí tirẹ̀ nìkan, ó lè jókòó láì sọ̀rọ̀ kí ara èèyàn máa gbọ̀n, ohùn ẹ̀ sì wúwo, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá sọ lèèyàn ń gbọ́ ketekete. Àmọ́ ogún ọdún pọ̀ ju wákàtí méjì lọ, ọba kan gorí ìtẹ́ o ò tíì mọ orúkọ ẹ̀ dáadáa ó ti kú, ìyẹn ló jẹ́ kó jọ pé wọ́n ń sáré. Èmi rò pé síríìsì ló yẹ kó jẹ́.

Lísàbí ní ìṣòro tó yàtọ̀. Apá méjì ni wọ́n pín in sí, ìkejì ò jáde títí di January 2025, àwọn tó wo àkọ́kọ́ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde bínú gan-an pé ibi tó ń gbóná ló dúró sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sanwó báyìí ti bọ́ lọ́wọ́ ìyẹn, ẹ wo méjèèjì tẹ̀léra, àní lọ́jọ́ kan náà, torí àkọ́kọ́ nìkan ò tó jẹ yó. Àkọ́kọ́ yẹn gbájú mọ́ ìyà, bí àwọn ilàrí Aláàfin ṣe ń wọ inú oko àti ilé àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tí wọ́n tún ń gba ohun tí kì í ṣe ìṣákọ́lẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ka òyìnbó tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, ó ní Àńtí, ta ló ń jẹ́ ilàrí. Kí n tó lanu, màámi ti gba rìmóòtù, wọ́n dá fíìmù dúró, wọ́n fi ìka fa ìlà sáàárín orí ọmọ yẹn, wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń fá a rèé, wọ́n á fá apá kan wọ́n á dá apá kan sí, kí gbogbo ìlú lè mọ̀ pé ìránṣẹ́ ọba ló ń bọ̀. Wọ́n wá tẹnu bọ ọ̀rọ̀ àáró, pé iṣẹ́ oko ni Lísàbí fi kó wọn jọ, òní ká ro oko tèmi, ọ̀la ká ro tìẹ, pé ìgbà tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti roko, ọjọ́ tí wọ́n dìde sí àwọn ilàrí kò ṣòro mọ́. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tá a fi gbọ́ ti màámi ká tó padà sí fíìmù. Wọ́n ní àáró yẹn ló yẹ kí wọ́n fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ìjà dín kù, mo sì fara mọ́ ọn.

Tẹ́ ẹ bá fi méjèèjì síwájú mi, House of Ga'a ni mo máa ní òṣèré ibẹ̀ dáa jù, àmọ́ Lísàbí ni kẹ́ ẹ sanwó fún tí àgbàlagbà bá wà nílé, pàápàá tó bá jẹ́ Ẹ̀gbá, torí nǹkan tí ìyá yín máa sọ yẹn ò sí lórí Netflix.

Ti síríìsì ò ní gùn. Rise of the Spectre, tó jáde ní March 2024, ìtàn Sàró náà ló ń bá lọ, ẹ má fọwọ́ kàn án tẹ́ ẹ ò bá tíì wo fíìmù Aníkúlápó, ẹ ò ní mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Mo wò ó tán àmọ́ mi ò padà sí i, àwọn èèyàn tuntun pọ̀ jù fún mi. Seven Doors, apá mẹ́fà, December 2024, ìyẹn ló mú mi. Ọba kan ni wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ fẹ́ ìyàwó mẹ́fà lé ìyàwó kan ṣoṣo tó ní, ìyàwó yẹn sì jẹ́ ọmọ Ígbò. Fẹ́mi Adébáyọ̀ àti Chioma Chukwuka ni, àwọn méjèèjì ló gba ẹ̀bùn òṣèré tó dáa jù ní AMVCA 2025, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó sì tọ́ sí wọn. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ Yorùbá tó jinlẹ̀ bí ti Lísàbí ẹ ò ní rí i níbẹ̀, àmọ́ ilé tí ọkọ jẹ́ Yorùbá tí ìyàwó jẹ́ Ígbò, bí ti obìnrin tó ń ta léèsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò sí nǹkan tó máa bá wọn lára mu tó o.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí Netflix, nítorí náà sub oṣù kan ṣoṣo ló máa gbé gbogbo ẹ̀. Ní July 2024 wọ́n fowó kún un, èyí tó kéré jù di 2,200 náírà nígbà yẹn, tó ga jù di 7,000, ẹ tún wo iye tó jẹ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ san torí ó máa ń yí. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà rèé: èyí tó kéré jù yẹn, orí fóònù tàbí táblẹ́ẹ̀tì nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò ní lọ sórí tẹlifíṣọ̀n lọ́nàkọnà. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan nínú bọ́ọ̀sì BRT, ó tó, kódà ó dáa. Tó bá jẹ́ ìyá tí ojú ò ríran dáadáa mọ́ lẹ fẹ́ wò ó pẹ̀lú, ẹ fi owó kún un kẹ́ ẹ mú èyí tó tẹ̀ lé e, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa ṣẹ́jú sí fóònù. Dátà náà ńkọ́, tẹ́ ẹ bá wò ó kó mọ́lẹ̀ kedere lórí tẹlifíṣọ̀n, ó lè jẹ 3GB ní wákàtí kan, láti ìgbà tí ìjọba sì ti gbà kí àwọn oníléeṣẹ́ fóònù fi ìdá àádọ́ta lórí ọgọ́rùn-ún kún owó wọn ní January 2025, ìyẹn ti kúrò ní nǹkan eré. Lórí fóònù, àárín òru tí owó dátà kéré ni mo máa ń dáńlóòdù ẹ̀, kí n wò ó lọ́sàn-án tí kò bá sí ọjà.

Sinimá ní tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn mẹ́ta àti gúgúrú àti ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀, ẹ lọ ní December, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń gbé àwọn tó tóbi síta. December 2023 ni A Tribe Called Judah ti Fúnkẹ́ Akíndélé jáde, òun sì ni fíìmù ilẹ̀ wa tó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní sinimá ilé níbí. Ẹ̀rín àjọrín yẹn, ẹ ò lè rí i nílé. Àmọ́ fíìmù tí ọfọ̀ àti òwe ló wà níbẹ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú. Mo mú màámi lọ sí ilé sinimá kan ní Mainland níbí, ohùn ń hó débi pé wọ́n ń bi mí kí ni wọ́n sọ, kí ni wọ́n sọ, títí ó fi parí, ó sì dùn mí gan-an torí ọjọ́ ìbí wọn ni.

YouTube ọ̀fẹ́ ni, dátà nìkan lẹ máa san, Yorùbá ibẹ̀ sì máa ń dáa nígbà míì ju ti àwọn olówó lọ, ìpolówó ló kàn máa ń já wọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn. Ẹni tí kò bá tíì rí owó sub, kó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo tí mi ò tíì gbà nínú gbogbo ètò tuntun yìí ni pé nígbà tá a máa ń ra CD ní Ìdúmọ̀tà, tiwa ni, màámi ṣì ní àpótí kan tó kún fún un lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ti ìsìnyí, owó oṣù tán, fíìmù lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wo èyí tẹ́ ẹ máa fẹ́ tún wò, kẹ́ ẹ lè rí àyè tún un wò kí oṣù tó pé. Tiwa ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Màámi ti ní Lísàbí ni lọ́jọ́ Sunday, apá méjèèjì, àwọn á kọ́kọ́ sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló sì máa di rìmóòtù mú.