UNI-T UT210E: clamp meter tí owó rẹ̀ kò ga fún ẹni tó ń yẹ iná ilé rẹ̀ wò fúnra rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ra clamp meter, ìyẹn mítà tí ẹnu rẹ̀ ń gbá wáyà mú láti wọn kọ́ráǹtì, nọ́ńbà ńlá tó wà lára rẹ̀ ló kọ́kọ́ máa ń wò: 400A, 600A, 1000A. Fún iṣẹ́ inú ilé, nọ́ńbà kékeré ló yẹ ká bèèrè. Gílóòbù LED 9W kì í sábà fa tó 100 mA (1,000 mA ni áńpù kan, ìyẹn 1A). Tẹlifíṣọ̀n tí a fi rìmóòtù pa, tí a kò yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, tún ń fa iná tó kéré sí i. Mítà tó jẹ́ pé 0.1A ni ìwọ̀n tó kéré jù tó lè kà yóò kàn gbé 0.0 tàbí 0.1 sójú, kò sì sí ohun tí ìyẹn sọ fúnni.

UT210E ni mo fara mọ́ jù nínú àwọn tí owó wọn mọ níwọ̀n. Ìpele mẹ́ta ló ní fún kọ́ráǹtì: 2A, 20A àti 100A, ọwọ́ la fi ń yí i sí èyí tí a fẹ́. Lórí 2A, 1 mA ni ìwọ̀n tó kéré jù tó ń kà. Ó ń wọn AC, ó tún ń wọn DC, ìyẹn kọ́ráǹtì bátìrì àti ti sólà, láì tú wáyà kankan. Fluke 325 náà ń wọn méjèèjì, ara rẹ̀ sì le jù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ fi ìlọ́po púpọ̀ ju ti èyí lọ, ìpele rẹ̀ tó kéré jù sì jẹ́ 40A.

Ẹ wo lẹ́tà ìparí dáadáa kí ẹ tó sanwó. UT210A, B àti C jọ E bí ẹní jọ ara wọn, àmọ́ kọ́ráǹtì AC nìkan ni wọ́n ń wọn. Ọ̀pọ̀ mítà olówó pọ́ọ́kú ló sì kọ DC sára, tó jẹ́ fóltéèjì DC nìkan ló ń kà, láti ojú wáyà pupa àti dúdú. Ohun tí ẹ ń wá ni A tí ìlà gbọọrọ kan àti ìlà wẹ́wẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, kò lè sọ iye tí bátìrì ínfátà yín ń gbé jáde.

Ó jẹ́ true RMS, ìyẹn ni pé ó ń ka iye iná gan-an bí ìrìn iná náà kò tilẹ̀ lọ geere, èyí sì ṣe pàtàkì níbi tí ínfátà pọ̀ sí. Iná tí ínfátà olówó kékeré ń gbé jáde kì í lọ sókè sódò wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi ti NEPA. Mítà tí kì í ṣe true RMS yóò ka fóltéèjì rẹ̀ sí kékeré, olówó rẹ̀ á sì máa rò pé ínfátà ti ń bàjẹ́.

Ibi tí wíwọn DC ti máa ń dojú rú ni bọ́tìnnì ZERO. Ohun tó wà lẹ́nu mítà yìí ń gbọ́ agbára òòfà, òòfà ilẹ̀ ayé pàápàá sì ń dé ibẹ̀. Nítorí náà, lórí ìpele 2A, ó lè gbé bíi 0.030A sójú nígbà tí kò sí wáyà kankan lẹ́nu rẹ̀. Ẹ gbé e súnmọ́ wáyà tí ẹ fẹ́ wọ̀n, ẹ kọ ojú rẹ̀ sí ibi tí yóò kọ sí gan-an, ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ tẹ ZERO, kí ẹ tó wá gbá wáyà náà mú. Bí ẹ bá tẹ ZERO lórí tábìlì, tí ẹ wá yí mítà dùbúlẹ̀ nídìí bátìrì, òǹkà náà ti ṣáko. Lẹ́yìn tó bá gbá wáyà kọ́ráǹtì ńlá mú, òòfà díẹ̀ máa ń kù sí irin ẹnu rẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tún ZERO tẹ̀. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé, nítorí eruku kò ní jẹ́ kó pa dé tán. Àmì ìyọkúrò iwájú òǹkà wúlò gan-an: òun ló ń fi hàn bóyá iná ń wọ bátìrì tàbí ó ń jáde.

Fún bátìrì ọkọ̀ tó ń kú mọ́jú, kò sí irinṣẹ́ tó rọrùn tó o. Ẹ pa gbogbo nǹkan, ẹ ti ọkọ̀, ẹ dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí àwọn kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ sùn, kí ẹ wá gbá wáyà negative mú lórí 2A. Iye tó bá wà láàárín 20 sí 50 mA kò burú. Bó bá jẹ́ 300 mA, 7.2Ah (áńpù-wákàtí) ló ń lọ lójúmọ́, bátìrì 45Ah kò sì ní lo ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ máa yọ fíúùsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí òǹkà yóò fi já wálẹ̀.

Lórí AC, wáyà kan ṣoṣo ni kó wà lẹ́nu mítà. Bí láìfù àti nútírà bá jọ wà níbẹ̀, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, òǹkà á sì di òdo. Line splitter, ohun tó ń ya láìfù àti nútírà sọ́tọ̀ kí mítà lè gbá ọ̀kan mú, tí wọ́n ń tà sábà máa ń jẹ́ ti sọ́kẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹ ṣe tiyín: pọ́lọ́ọ̀gì 13A kan, sọ́kẹ́ẹ̀tì kan, àti wáyà onímẹ́ta 1.5 mm² tó gùn tó 1 m. Ẹ la awọ òde nìkan láàárín, kí awọ wáyà kọ̀ọ̀kan wà láìlábàwọ́n, kí ẹ sì fa láìfù jáde. Bí ẹ bá yí láìfù gba ẹnu mítà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ pín òǹkà sí mẹ́wàá, 0.412A di 41 mA. Ẹ rántí pé áńpù tí a fi fóltéèjì sọ di púpọ̀ ń fúnni ní VA (volt-ampere), kì í ṣe wáàtì. Fún fíríìjì tàbí fáànù, wáàtì rẹ̀ kéré sí i.

Ó tún ń wọn capacitor, ohun kékeré tó ń tọ́jú iná díẹ̀ sínú. Ti fáànù àjà sábà máa ń jẹ́ 2.5 µF tàbí 3.5 µF, bí 2.5 bá ti di 1.8, ìdí tí fáànù fi ń wọ́ rìn nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lára fáànù, kí ẹ sì tú iná inú rẹ̀ dànù kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Àléébù rẹ̀ wà. Ínfátà 12V tó gbé ẹrù 1,000W ń fa ju 83A lọ. Ẹrù tó ju ìyẹn lọ yóò gba ọwọ́ 100A kọjá. Ẹni tó ní irú rẹ̀, kó wo UT204+ tó dé 600A. Ẹnu UT210E kò ṣí ju 17 mm lọ: wáyà 35 mm² á wọlé, èyí tó nípọn gan-an kò ní wọ̀ ọ́. Kò lè mú kọ́ráǹtì tí fíríìjì ń fà lójijì nígbà tó bá ń ta. Wáyà tí a ti gé kúrò lára iná lè gbé 50V tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sójú rẹ̀, nítorí wáyà oníná tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀; ẹ fi gílóòbù kan dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. CAT III 300V ni wọ́n kọ sára rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ààbò tó ń sọ irú ibi àti fóltéèjì tó lè fara dà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti bóòdù kékeré inú ilé ni kó mọ. Ẹ má fi kan orí òpó tàbí ibi tí iná ti ń wọlé láti ìta.

Nínú ohun tí a ń fi kún un, wáyà ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ náwó lé. Èyí tó bá a wá le, kì í tẹ̀ dáadáa. Ẹ ra oní-silicone tó kọ CAT III 1000V, tí irin orí rẹ̀ ní ìdérí tó fi nǹkan bí 4 mm nìkan sílẹ̀, àti crocodile clip méjì tó ní awọ. Bátìrì AAA méjì ló ń lò. Ẹ ra oní-alkaline, kí ẹ sì yọ wọ́n bí mítà yóò bá pẹ́ nínú àpótí, torí omi bátìrì tó bá jò máa ń jẹ irin tó dì í mú.